Orin Ìkẹyìn, Láìsí Ohùn

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta

A yọ ohùn àbúrò mi kúrò nínú orin ìkẹyìn lónìí. Èmi ni mo ṣe ẹnì kejì tó gbà.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ayùn ń ta gìtá, ó sì ń pariwo lé e. Àwa la sọ ọ́ ní Ayùn, torí pé bí ayùn ni gìtá rẹ̀ ṣe ń dún. Èmi ń ta béèsì. Àbúrò mi ń lùlù. Àwo orin tí à ń ṣe báyìí, Ayùn ní kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀rá lára rẹ̀. Egungun nìkan. Ó wá ṣe òfin: bí a bá gba orin kan sílẹ̀ tán, a ó jókòó gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni lè dárúkọ ohun kan pé kó kúrò. Bí ẹnì kejì bá gbà, ó lọ nìyẹn. Ẹni tó ni nǹkan ọ̀hún ò gbọ́dọ̀ gbèjà rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ la ẹnu. Onítéèpù, bàbá tó ń gba ohùn wa sílẹ̀, yóò pa á rẹ́ lójú gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni má baà padà wá tọrọ rẹ̀ lọ́la.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ni inú rẹ̀ dùn jù. Ó ní òun ti rí òfin tí yóò pa Ayùn lẹ́nu mọ́.

A ti yọ gbogbo àwo idẹ tó wà lára ìlù rẹ̀, ó ku ẹyọ kan. A ti yọ igbe Ayùn nínú orin kẹrin. A ti gé ìparí orin kejì, ìparí tí mo fẹ́ràn. Ó ń dun ẹni tó kàn. Àwo náà sì ń dára sí i.

Orin ìkẹyìn nìkan ni àbúrò mi tíì kọ rí láyé rẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré. Òun ló gbé e wá, a ò bi í pé kí ló dé. Ohùn rẹ̀ há, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ tábìlì lórí símẹ́ńtì. Ayùn ní, “Ohùn yìí ń bẹ̀bẹ̀. Orin wa kì í bẹ̀bẹ̀.” Ó wá ń wo ojú mi. Mo ní kí Onítéèpù tún un gbé sí i. Mo gbọ́ ọ. Òótọ́ ni, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní kó kúrò.

Àbúrò mi ń wo igi ìlù ọwọ́ rẹ̀. Kò la ẹnu. Ọmọ dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kẹta

Orin náà ti dà bí yàrá tí wọ́n kó gbogbo àga inú rẹ̀ jáde. Ó dára. Mi ò ní parọ́ nínú ìwé ara mi.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹta

Àbúrò mi gbẹ̀san. Ó ní kí béèsì mi kúrò nínú orin ìkẹyìn. Ayùn gbà kó tó parí gbólóhùn. Mo pa ẹnu mọ́ bí òfin ṣe wí. Onítéèpù tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó tán.

Nígbà tí a ń po tíì, àbúrò mi rọra sún mọ́ mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ó ń bẹ̀bẹ̀ ni.” Ayùn rẹ́rìn-ín títí ó fi da tíì sára. Mo ní kí àbúrò mi lọ wá omi gbígbóná mu, ohùn rẹ̀ ti ń ké bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó máa ké. Ilẹ̀kùn tó ń ké ṣì ń ṣí.”

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹta

Mo ní kí gìtá Ayùn náà kúrò nínú orin ìkẹyìn. Kì í ṣe nítorí orin. Mo fẹ́ wo ojú rẹ̀ ni. Àbúrò mi ti na ọwọ́ sókè kí n tó dákẹ́. Ọmọ ìyá ni wá lóòótọ́.

Ojú Ayùn — ayọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ ti ń gbọ́n.” Mo fẹ́ ṣe é níkà, ẹ̀bùn ni mo fún un. Ìlù nìkan ló kù, àti àwo idẹ kan tó dún lópin rẹ̀. Onítéèpù bi wá bóyá orin ṣì ni. Ayùn dá a lóhùn pé ìsinsìnyí gan-an ló di orin.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Kẹta

Àbúrò mi ò wá. Ó ní òun fẹ́ dé ibì kan. Kò sọ ibẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Kẹta

Ìyàwó àbúrò mi wá. Oyún ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Mo ní kó jókòó, ó ní òun ò ní pẹ́.

Ó ní ọjọ́ mélòó kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ àwo yìí ni dókítà ti sọ fún àbúrò mi pé àìsàn wà nínú gògóńgò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọn yóò gé gògóńgò náà kúrò pátápátá. Kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ mọ́ láé. Láti ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ti ti irin bọ ọ̀fun rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde. Ìlà mẹ́rin yẹn, ọmọ inú oyún ló kọ ọ́ fún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gba ẹ̀dà ohùn ọkọ mi lọ́wọ́ Onítéèpù. Ẹ mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀. Èyí tó wà lórí fóònù mi, ‘mò ń bọ̀’ àti ‘kí la ó jẹ’ ló kún ibẹ̀. Ṣé ‘kí la ó jẹ’ ni ọmọ yóò fi mọ bàbá rẹ̀?”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, “Ó ní bí ẹ bá mọ̀, ẹ ó fi ohùn òun sílẹ̀ nínú orin nítorí àánú. Òun ò fẹ́ àánú lórí àwo yín.”

Nígbà yẹn ló yé mi pé ọkọ rẹ̀ ò tíì sọ fún un pé ohùn ọ̀hún ti lọ. Mo ní, “Ìyàwó wa, a ti yọ ọ́. Onítéèpù ti pa á rẹ́. Èmi ni mo ṣe ẹnì kejì.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.” Ó rọra ń fi ọwọ́ di irin àtẹ̀gùn mú bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹta

Mo sọ fún Ayùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn gìtá.

“Ó yẹ kó sọ.”

“Òfin rẹ ní kó má sọ.”

Ó fa okùn náà le díẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó tún un fà. Ó ní ká ní òun mọ̀, òun ì bá ṣì yọ ọ́. Ó wá bi mí: “Ìwọ ńkọ́?” Mi ò dá a lóhùn. Ibí ni mo ti ń dáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá yọ ọ́. Ǹ bá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni.

Mo lọ bá Onítéèpù. Ó ní òun ti pa á rẹ́, ṣebí ojú wa ló ṣe. “Ẹyin lohùn, ẹ̀yin lẹ ní kí n jù ú sílẹ̀.” Ó wá ń họ orí. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ àtijọ́ kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí Onítéèpù máa ń tan sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣeré, maikirofóònù kan ṣoṣo ló so mọ́ ọn, lókè àjà. Kì í kọ orúkọ orin sára téèpù rẹ̀. Ó sì máa ń gba orin tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ohùn náà lè wà níbẹ̀. Orin ẹlòmíràn sì lè ti bò ó. Yóò gbọ́ gbogbo téèpù náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹta

Ilé ìwòsàn. Ayùn dé kí wọ́n tó gbé àbúrò mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò mú èso wá, kò mú ọ̀rọ̀ ìtùnú wá. Orin ìkẹyìn ló mú wá. Ó fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ sí àbúrò mi létí. Àbúrò mi dijú, ó ń gbọ́ ìlù ara rẹ̀. Nígbà tó dé òpin, ó na ìka kan sókè, ó fi ọwọ́ ṣe àmì idẹ, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gé e dànù. Àwo idẹ tó kù — kí òun náà kúrò.

Ayùn ní, “Mo gbà.”

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kò dún. Nọ́ọ̀sì tì í lọ.

Ìyàwó àbúrò mi jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn. Ayùn ti lọ sọ fún Onítéèpù pé kó pa idẹ náà rẹ́. Ṣàṣà ni ẹni tó ń kọjá.

Onítéèpù pè. Ó ti rí téèpù kan tí ìró yàrá tiwa wà lórí rẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Igi ìlù kọ lu ara wọn láti ka orin wọlé. Ibẹ̀ ló ti dá a dúró. Mo ní kó jẹ́ kó máa lọ. Ó ní rárá, òun ò ní jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mọ̀; kí n wá gbọ́ ìyókù fúnra mi.

Dókítà ò tíì jáde. Ìyàwó ń wo ẹnu mi. Mo sọ fún un pé Onítéèpù ti rí ìwúkọ́ kan.

“Ṣé tirẹ̀ ni?”

Mo ní a ò tíì mọ̀.