Má Tíì Gé Aṣọ Mi

Àbúrò mi aránṣọ, o kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ o. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí láti ìlú òyìnbó.

Wọ́n ní o ń jó pé mo ti sanra, torí mẹ́rìndínláàádọ́rin tí mo ní ó jẹ́ ìbàdí mi. Jọ̀ọ́, gbé sísọ́ọ̀sì kúrò lórí aṣọ mi! Sẹ̀ǹtímítà ni téèpù ibí ń kà. Ọmọ yìí ti yí i sí íǹṣì, ó ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Má pariwo. Dókítà tó ń tọ́jú mi níbí máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Méjìdínlógójì tó o mọ̀ mọ́ mi ni kó o rán, màá jẹun kún un.

Bá mi kí ọkọ mi. Tó bá béèrè bí ara mi ṣe rí, sẹ̀ǹtímítà ni kó o sọ fún un.