Ìrẹsì Bíbu Tí Ìyá Fọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi o. Ìyá wà dáadáa, adìẹ dúdú yín ti pa ọmọ mẹ́jọ. Ẹjọ́ Ìyá ni mo wá rò fún yín.

Ẹ rántí iṣẹ́ mi nílé ìwádìí ọ̀gbìn ní Ajíbọ́dé, tí ẹ máa ń ní ẹ rán ọmọ nílé-ìwé, ó wá lọ ń tọ́jú ohun tó bu? Lọ́jọ́ tí mo ṣàlàyé fún yín pé irú olú kan wà, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tó máa ń lẹ̀ mọ́ tata lára, tí á wọnú rẹ̀, tí á sì pa á, ẹ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí yín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí, Bàbá. Mi ò sọ fún yín rí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, tata ya bo oko Ẹ̀rúnmu, lórí ẹ̀gẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín gbìn kẹ́yìn. Wọ́n jẹ ewé tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họ igi. Ìyá fẹ́ pe ẹni tó ń fọ́n oògùn apakòkòrò. Mo kọ̀, torí mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ẹnu fẹ́ ihò ẹ̀rọ oògùn tó bá dí, tí ẹ ó tutọ́, tí ẹ ó sì máa bá ẹ̀pà jíjẹ yín lọ. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ara ìrẹsì la máa ń gbin olú yìí sí, títí ìrẹsì á fi di aláwọ̀ ewé. Mo gbé àpò kan wá láti ibi iṣẹ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi nílé ìdáná, mo lọ ra òróró tí n ó fi pò ó. Ta ló ń gbé ìrẹsì sílẹ̀ fún Ìyá wa, tó ń rò pé yóò wà bẹ́ẹ̀? Kí n tó dé, wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti sá a sóòrùn, wọ́n ń lé adìẹ lórí rẹ̀.

“O ò rí i pé ó ti bu ni? Ọpẹ́lọpẹ́ mi!”

Oòrùn sì rèé, òun gan-an ni ikú olú náà. Mo pariwo mọ́ ìyá mi, Bàbá, nítorí ìrẹsì. Ojú ń tì mí. Mo ti bẹ̀ wọ́n.

Àṣé wọ́n ti da omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ sórí ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí tata ti ń ṣèpàdé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo rí ọ̀kan tó di orí igi mú, tó ti kú fin-ín, tí olú hù bí irùngbọ̀n sí gbogbo ara rẹ̀. Mo rí òmíràn. Mo rí bí ogún! Látìgbà náà ni Ìyá ti di ọ̀gá mi. Ẹni da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ni wọ́n ń wí kiri Ẹ̀rúnmu. Mo gbé àpò mìíràn wá, mo fọ́n ọn sóko fúnra mi, ẹ̀gẹ́ yín sì ti ń rúwé.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án yẹn, ṣe ni mo já igi náà tòun ti tata, mo sáré wọlé, mo ń pariwo, “Bàbá! Ẹ wá wò ó!” Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá yín kí n tó rántí. Ìyá bá mi níbẹ̀. Wọ́n gba igi náà, wọ́n wò ó fún yín, wọ́n wò ó pẹ́.

“Ṣé bàbá ẹ ló yẹ kó o máa fi í hàn? Kò sẹ́ni tí wọn ò sọ fún ní mọ́sálásí nígbà ayé wọn pé ọmọ àwọn ń fi olú pa tata.”

Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún èmi?

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín lójoojúmọ́.