Ta Ló Ṣe Mọ́tò Pupa Náà?

                                                            Ilé Kẹsàn-án, Yàrá Òkè,
                                                            Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                                            Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń dààmú àbíkẹ́yìn ti lọ? Ṣọ́ọ̀bù irun rẹ ńkọ́, ṣé oníbàárà tó máa ń sùn lórí àga yẹn ṣì ń wá? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n tún ti ń gun àkàsọ̀ láti kun ògiri. Bá mi sọ fún wọn pé bí wọ́n bá jábọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mi ò ní wá kí wọn, àkàsọ̀ yẹn ni n ó wá kí.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé mi ò kọ̀wé láti oṣù mẹ́fà. Bínú díẹ̀, kí o fi ìyókù ìbínú náà pamọ́ fún bàbá mi, torí àwọn ló fà á. Ara mi le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò kan ti sú mi débi pé bí mo bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ lójú títì báyìí, ń ṣe ni mo máa ń pòṣé.

O rántí ìtàn mọ́tò pupa tí Bàbá máa ń sọ fún wa nígbà tí o bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Pé nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ panẹ́bítà, tí wọ́n ń na ara mọ́tò tó ti rún, àwọn rí àwòrán mọ́tò asáré ayé àtijọ́ kan nínú ìwé ìròyìn. Àwòrán kan ṣoṣo ni, láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì ti yà á. Wọ́n ní àwọn ra ẹ́ńjìnnì àti egungun mọ́tò àlòkù kan, àwọn sì fi ọdún mẹ́fà na páànù lé e lórí ní ẹ̀yìnkùlé títí tó fi di irú ti inú àwòrán. Ìwọ máa ń gbà á gbọ́ pátápátá. Èmi máa ń gbà á gbọ́ dé ìdajì. Wọ́n ti tà á kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mi ò sì rántí ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ó wá di oṣù kejìlá tó kọjá. Bàbá lọ gẹ irun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ àdúgbò, wọ́n sì rí ìkéde ilé gbàǹjo kan nínú ìwé ìròyìn tó wà lórí àga. Mọ́tò pupa onímú gígùn kan ló wà nínú rẹ̀. Ìkéde náà ní ojúlówó ni, pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ṣe é ní ayé ijọ́un. Bàbá dìde, ìdajì irun wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ, wọ́n ní mọ́tò àwọn rèé. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Bàbá ní Fáktírì, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò. Bí Bàbá bá ń kọjá, wọn á ní, "Fáktírì, ẹ káàárọ̀ o, mélòó lẹ tún ṣe lánàá?" Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí kò purọ́ iye ọdún rẹ̀ rí! Bàbá wọlé, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n kọ oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn ò bẹ̀rù ikú, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ kí wọ́n sin òpùrọ́. Ìwọ sọ fún mi, kí ni ǹ bá ṣe?

Mo lọ sí ilé gbàǹjo náà. Obìnrin tó ń ṣàkóso ibẹ̀, tó fi okùn so ìgò ojú mọ́ ọrùn, fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní lọ́yà kan ló fẹ́ ta mọ́tò náà, ìwé rẹ̀ sì pé. Bí mo bá fẹ́ jiyàn, kí n lọ wádìí ẹni tó tà á fún ẹni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sì mú ẹ̀rí wá kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé ní oṣù kẹfà. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Má rẹ́rìn-ín.

Dókítà eyín kan ni Bàbá kọ́kọ́ tà á fún, wọ́n sì sọ fún un lójúkojú pé àwòṣe ni, ọwọ́ àwọn ni àwọn fi ṣe é. Dókítà ti kú, ìyàwó rẹ̀ ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo lọ. Ní àkọ́kọ́, màmá àgbà náà ń sùn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n rò pé èmi ni télọ̀ tí wọ́n ránṣẹ́ sí nítorí kọ́tìnnì, mo sì ti wọn fèrèsé méje kí wọ́n tó jẹ́ kí n la ẹnu. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n rántí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní "mọ́tò panẹ́bítà" ni àwọn máa ń pè é nínú ilé, pé èéfín rẹ̀ ba aṣọ àwọn jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn. Nígbà tí mo mú ìwé lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin kí wọ́n fọwọ́ sí i, wọn ò rántí nǹkan kan mọ́. Ọmọ wọn ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ sí ohun tí lọ́yà bá wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi, mo ti rán kọ́tìnnì méjèèje fún wọn o!

Dókítà ló tà á fún ọkùnrin kan tó ń yá àwọn tó ń ṣègbéyàwó ní mọ́tò. Èyí kò tilẹ̀ díbọ́n. Ó ń nu gíláàsì mọ́tò mìíràn bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ní òun mọ̀ pé àwòṣe ni nígbà tí òun rà á, ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó wo ló máa sanwó láti gun àwòṣe? Ó purọ́ kékeré fún ọkọ ìyàwó àkọ́kọ́, nígbà tó fi máa dé orí ìkẹwàá, òun fúnra rẹ̀ ti gba irọ́ náà gbọ́. Mo ní kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ní rárá, òun fẹ́ díje fún alága àdúgbò, àwọn èèyàn sì mọ òun sí olóòótọ́. Ṣé o gbọ́? Nítorí kí wọ́n lè máa pè é ní olóòótọ́ ni kò ṣe lè sọ òtítọ́.

Ó wá ku lọ́yà, tó ra mọ́tò lọ́wọ́ onímọ́tò ìgbéyàwó. Ó jẹ́ kí n dúró títí ẹsẹ̀ fi ro mí kó tó nawọ́ sí àga. Ó ṣí ìwé ńlá kan tó kún fún irú mọ́tò náà, ó sì fi hàn mí pé nínú gbogbo wọn, ẹ̀gbẹ́ òsì ni páìpù sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde àti ọmọrí táǹkì epo wà. Ti mọ́tò wa, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni. Mo ní ẹ ò rí i pé kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ yẹn! Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọwọ́. Ó ní ìyẹn gan-an ló mú un ṣọ̀wọ́n, mẹ́ta péré ni ilé iṣẹ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀, méjì sì ti jóná. Mo béèrè ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó ní inú ìwé ẹ̀rí mọ́tò náà. Mo béèrè ẹni tó kọ ìwé ẹ̀rí. Ó ní òun ni. Díẹ̀ ló kù kí n ju báàgì mi lù ú.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Bàbá tí wọ́n ń fi rúlà wọn ibi tí wọ́n máa kan ìṣó kọ́ fìlà sí, báwo ni wọ́n ṣe gbé sàlẹ́ńsà sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí àwòrán náà. Àárín pákó pẹlẹbẹ méjì ló wà láti ọjọ́ yìí wá, lórí wọ́dúróòbù, wọn ò sì jẹ́ kí n fojú kàn án rí torí wọ́n ní sísọ́ọ̀sì ni ọwọ́ mi. Mo wo mọ́tò náà títí, mi ò rí nǹkan kan. Mo wá wo ọkùnrin tó fara tì í. O mọ̀ mí, mi ò kì í wo èèyàn, aṣọ ọrùn wọn ni mo máa ń wò. Kóòtù ọkùnrin yẹn, bí ti obìnrin ni wọ́n ṣe de bọ́tìnnì rẹ̀, apá ọ̀tún ló gun orí òsì, àpò àyà sì bọ́ sí apá ọ̀tún. Télọ̀ tó mutí yó kò ní rán kóòtù ọkùnrin báyẹn. Mo gbé àwòrán náà síwájú dígí, gbogbo nǹkan sì padà sí ipò rẹ̀. Àwọn tó tẹ ìwé ìròyìn náà ló tẹ àwòrán lódì! Bàbá sì fara balẹ̀ ṣe mọ́tò bó ṣe wà nínú àwòrán gẹ́lẹ́, títí dórí nọ́ọ̀tì, lódì, fún ọdún mẹ́fà.

Ó yẹ kí n jó. Ẹ̀rí dé, torí kò sí mọ́tò mìíràn láyé tó lè rí bẹ́ẹ̀ àfi èyí tí wọ́n wo ojú ìwé yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó lè mú un jáde, àfi kí n sọ fún bàbá mi pé ohun tí wọ́n fi ń yangàn jù lọ nínú ayé wọn, òdì ni wọ́n ṣe é. Bí mo bá ní n bẹ́ igi, màá bẹ́ èèyàn. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi pa á mọ́ra. Mo ń kanra mọ́ oníbàárà, mo gbé apá aṣọ ọ̀tún sí òsì, mo ń tú u, mo ń rán an. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo mú wọn lọ síwájú dígí. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo dígí, wọ́n tún wo àwòrán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ ní kí n jáde, kí n pa ilẹ̀kùn dé.

Fún ọjọ́ méjì, inú yàrá wọn ni wọ́n ti ń jẹun. Èmi náà bínú, ṣé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ ni? Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, tí í ṣe ọjọ́ gbàǹjo gan-an, ni mo rí wọn tí wọ́n jáde nínú aṣọ tí wọ́n ti lọ̀, bàtà wọn ń dán, wọ́n ní aago mélòó ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Gbọ̀ngàn náà kún. Wọ́n fi okùn yí mọ́tò ká lórí pèpéle, ìgbà tí mo sì máa kọ́kọ́ rí i nìyẹn tí mo ti gbọ́n. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ẹni tó ń polówó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn lọ́yà, mẹ́ta péré, méjì ti jóná. Kò tíì kà á tán tí Bàbá ti dìde. Mo fà wọ́n láṣọ, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi máa ń bo ariwo òòlù mọ́lẹ̀ ní wọ́ọ̀ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Èmi ni mo ṣe mọ́tò yìí. Òdì ni mo sì ṣe é. Àwòrán tó tàn mí jẹ ló wà lọ́wọ́ ọmọ mi yìí."

Lọ́yà ní ara bàbá náà kò yá, kí wọ́n bá òun sìn wọ́n jáde. Bàbá ò wo ibi tó wà. Mo gbé àwòrán àti dígí ọwọ́ mi fún obìnrin onígò ojú, ó sì yí mọ́tò ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wò ó, ó ń wo ìwé. Ó ní mọ́tò ti kúrò nínú gbàǹjo títí wọ́n á fi tún ìtàn rẹ̀ kọ. Lọ́yà ní ilé ẹjọ́ ló kàn. Obìnrin náà ní kó máa lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a lóòótọ́. Gbogbo àwọn tí mo tọ̀ lọ, kálukú wọn ló fi ohun tó mọ̀ pamọ́ kó má bàa tẹ́. Bàbá nìkan ló sọ àṣìṣe ara wọn fún gbogbo ayé. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò sì tijú.

O máa rò pé ó parí. Obìnrin náà mú fọ́ọ̀mù wá, ó béèrè orúkọ ẹni tó ṣe mọ́tò. Bàbá dá orúkọ wọn, ó kọ ọ́. Ó ti fẹ́ dé bírò rẹ̀ nígbà tí Bàbá ní kò tíì pé. Wọ́n ní kó kọ orúkọ ìyá mi.

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ti dé. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí wọn létí pé wọn ò béèrè orúkọ ìyàwó. Obìnrin náà ni wọ́n kọjú sí, wọ́n ń ṣàlàyé fún un. Wọ́n ní ẹnì kan kì í dá páànù nà. Ẹni tó mú òòlù á wà lóde, ẹlòmíràn á wà nínú, á fi irin wúwo ti páànù náà lẹ́yìn, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òòlù máa bọ́ sí kó tó bọ́. Wọ́n ní fún ọdún mẹ́fà, ìyàwó àwọn ló wà nínú. Nígbà tó lóyún eléyìí, wọ́n nawọ́ sí mi bí ẹni ń nawọ́ sí àga, kò dáwọ́ dúró títí oṣù kẹjọ.

Àbúrò mi, mi ò gbọ́ ọ rí! Ọdún mọ́kànlá ti kọjá tí ìyá mi ti kú, wọn ò sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan. Mo fi oṣù mẹ́fà rìn kiri, mo wọn fèrèsé onífèrèsé, lọ́yà fi mí ṣẹ̀sín, ohun tó ṣe pàtàkì jù sì wà nínú ilé wa. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sílé, mo pariwo. Mo ní Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí? Ìta ni wọ́n ń wò.

"Ta ló tà á, ta ló rà á, lo ń bi mí láti oṣù kejìlá. O ò bi mí léèrè ẹni tó bá mi ṣe é."

Bí a ṣe délé ni mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Jọ̀ọ́, bi màmá rẹ bóyá wọ́n mọ̀. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá mọ̀ tí wọ́n dákẹ́, sọ fún wọn pé mò ń bínú sí wọn gidigidi. Lẹ́yìn náà, jókòó tì wọ́n, kí o kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀ fún mi: aṣọ tí ìyá mi máa ń wọ̀ nínú mọ́tò yẹn, bí wọ́n ṣe ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú oyún mi nínú, bóyá wọ́n ń kọrin, bóyá ariwo òòlù ń dùn wọ́n létí. Má fo ọ̀kankan.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Bàbá ní kí n kí gbogbo yín.

                                                            Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà èsì,
                                                            Abẹ́rẹ́.