Ewé Tí Mo Sè fún Ìyàwó Ọmọ Mi

Olóòtú wa olóhùn oyin, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ètò orí rédíò, ilé ń kọ́... yéè, ewé ọwọ́ mi ti kó bá mi o! Kalina, akọ̀wé mi, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ má kọ orúkọ mi.

Ìyàwó ọmọ mi, ká máa pè é ní Tsveta, ní àìsàn ọkàn. Dókítà ní tó bá lóyún, ó lè kú, ló ṣe ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún. Lẹ́yìn Àjíǹde tá a jẹran yó, ó ní òun fẹ́ fọ ikùn. Mo bá ń se kantarion fún un láràárọ̀, ewé olódòdó yẹ́lò tí mo já lọ́jọ́ Enyovden èṣí, ọjọ́ tá a máa ń já ewé, kí ìrì tó gbẹ. Ewé ọjọ́ yẹn, a ní kì í pani lára. Tsveta ní, “Ìyá, ẹ ti sọ mí di ọmọge!” A jọ rẹ́rìn-ín.

Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ lórí ètò yín lánàá pé ewé yìí gan-an máa ń gba agbára lọ́wọ́ oògùn yẹn. Nǹkan oṣù Tsveta sì ti pẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Láàárọ̀ yìí ó ní, “Ìyá, ẹ fún mi sí i, èébì ń gbé mi, inú mi ò tíì mọ́.” Omi oyin lásán ni mo gbé fún un.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?

Kalina, kà á fún mi. Rọra kà á o, ìyàwó wa wà ní kíṣìn.