Aṣọ Tútù Nídìí Tẹmómítà

Mọ́ńdè, 3 Máàṣì
Mo to ẹyin méjìlá sínú àpótí ìsàba. Ti ọjọ́sí gbẹ mọ́ èèpo ni, gbogbo rẹ̀ di òbu. Ìyàwó mi ti là á mọ́lẹ̀: bí ẹyọ kan ò bá pamọ lọ́tẹ̀ yìí, wẹ́dà á wá gbé àpótí lọ, á fi irin rẹ̀ ṣe géètì. Ó ní mo ti sọ yàrá ìyá òun di ilé adìyẹ.

Nítorí náà, mo kàwé. Tẹmómítà méjì ni wọ́n fi ń wọn omi inú afẹ́fẹ́; mo sọ wọ́n ní Oníhòòhò àti Aláṣọ. Oníhòòhò wà lásán. Aláṣọ, mo wé aṣọ tútù mọ́ ọn nídìí. Bí omi aṣọ bá ṣe ń gbẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni Aláṣọ á máa tutù. Oníhòòhò 38, Aláṣọ 30. Mo wo tábìlì inú ìwé: 56. Ìyẹn ni pé bí afẹ́fẹ́ inú àpótí bá lè gba ọgọ́rùn-ún ago omi, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló ti gbà. Orí mi pé jàre!

Túsìdè, 4
56. Mo jó díẹ̀.

Wẹ́sìdè, 5
38, 38! Kò síyàtọ̀ — 100 nìyẹn! Afẹ́fẹ́ ti yó omi bámúbámú. Mo gbé abọ́ omi inú àpótí kúrò, mo ṣí gbogbo ihò àpótí.

Fúráìdè, 7
38, 38. Níbo lomi ń gbà wọlé? Mo gun òrùlé, mi ò rí nǹkan kan. Ìyàwó mi ní bóyá òógùn mi ni.

Sátidé, 8
Mo ká wọn mọ́ ọn! Màmá, ìyá ìyàwó mi, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ló ń tú aṣọ Aláṣọ láràárọ̀, tí wọ́n ń fi gbígbẹ rọ́pò! Wọ́n ní, "Ọmọ tọ̀ sára, o wá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O ò tiẹ̀ láàánú." Wọ́n ti bu páúdà sí i nídìí.

Ta ló ń jágbe mọ́ ìyá ìyàwó? Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣé, Màmá. Mo lọ jágbe mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé.

Aṣọ gbígbẹ ò lómi tó fẹ́ gbẹ, kí ni á mú Aláṣọ tutù? Mo rẹ aṣọ: 38, 25. Tábìlì ní 35. Yéè! Afẹ́fẹ́ tí mo ní ó yó, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Mo sáré gbé abọ́ omi padà.

Sọ́ńdè, 9
56. Mo ti fi àgádágodo sẹ́nu àpótí. Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀.

Mọ́ńdè, 24
Ọjọ́ kọkànlélógún pé lónìí, ọjọ́ tó yẹ kí ẹyin pamọ. Àárọ̀, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sán, wẹ́dà dé, ó ti di okùn mọ́ àpótí. Màmá ní, "Ẹ dákẹ́!" Etí agbẹ̀bí — àwọn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kó. Kó. Kó.

Ẹyọ kan ṣoṣo. Ó jáde, ó rin gbingbin. Màmá ti mú nápíkìn dání! Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú: "Màmá, ẹ dákun, inú àpótí ni yóò ti gbẹ."

Ìyàwó mi ní kí wẹ́dà máa lọ.

Màmá wò mí, wọ́n wá na nápíkìn sí èmi gan-an. "Kú ewu ọmọ, bàbá ìkókó. Nu ojú ẹ, ó ti tutù."