Ìyá Wa Tún-un-wò, Ẹni Tó Fi Ewédú Fa Òjé Nínú Ilẹ̀

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1949 ni wọ́n bí ìyá wa, nínú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́bàá odò. Oníṣẹ́ okùn ni bàbá wọn, olùkọ́ ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́rin ni àwọn òbí náà bí, ìyá wa nìkan sì ni obìnrin.

Ewédú gíga, irú èyí tí wọ́n ń gbìn nítorí èèpo rẹ̀, ni bàbá wọn máa ń rẹ sínú odò títí yóò fi rà, kí ó tó bó èèpo náà fi ṣe okùn àti àpò. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Bí ìyá wa bá wọ kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ wọn a fọwọ́ dí imú. Wọn kò torí ìyẹn sunkún. Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni ìdí tí omi fi ń jẹ ara igi náà tí kì í jẹ èèpo rẹ̀. Bàbá wọn ní òun kò mọ̀, kí wọ́n lọ kàwé kí wọ́n wá sọ fún òun.

Wọ́n sì kà á. Ní ọdún 1973 wọ́n gba oyè nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí. Ibẹ̀ ni orúkọ Tún-un-wò ti wá, nítorí wọn kì í fọwọ́ sí òǹkà kankan láìtún un wò. Ní ọdún 1975 wọ́n fẹ́ bàbá wa, awọnlẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ bí omi àmù. Bàbá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìyàwó òun bá se ẹyin kan, yóò se òmíràn láti mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ jinná.

Ní ọdún 1988, ìyá wa gbin ewédú sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì àtijọ́. Òjé, májèlé tó ń jáde lára bátìrì, ti ba ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́. Ìyá wa ti rí i pé ewédú ń fa òjé náà mu díẹ̀díẹ̀, tó ń kó o pamọ́ sí gbòǹgbò àti ewé. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má já a.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, wọ́n dé oko láàárọ̀, wọ́n rí i pé wọ́n ti já ewé orí ebè méjì. Wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà pé kó jẹ́ ewúrẹ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, èékánná ènìyàn ló já a. Wọ́n sáré lọ sọ fún ọ̀gá wọn.

Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n pa á mọ́ra, pé bí ariwo bá ta, wọn yóò ti oko náà pa, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ nílé ìwádìí yóò sì wọmi. Ìyá wa dáhùn pé, “Ọ̀gá, ẹnu èèyàn ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ìwé.”

Ilẹ̀kùn mẹ́tàlélógójì ni àwọn àti bàbá kàn. Gbogbo ènìyàn ní àwọn kọ́. Ní ọjọ́ kẹta, télọ̀ kan tó lóyún oṣù méje ṣílẹ̀kùn, ó sì jẹ́wọ́ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òun ti ń já a díẹ̀díẹ̀ sè.

Ó ní, “Mo rí i tó tutù yọ̀yọ̀ ni, mà. Mi ò mọ̀wé kà. Ṣé ọmọ inú mi máa yè?”

Ìyá wa kò lè purọ́. Wọ́n ní, “Mi ò tíì mọ̀. Àmọ́ mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀.”

Àwọn fúnra wọn mú un lọ gbẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi retí èsì. Ní àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n fi iyọ̀ sí tíì bàbá, wọ́n lọ aṣọ ilé ìwé wa lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń sáré sídìí fóònù bó bá ti dún. Ohun tó ń jẹ wọ́n jù ni pé ẹni tó mọ̀wé nìkan ni wọ́n kọ pátákó náà fún. Èsì dé: òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ télọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ó bí ọmọbìnrin, ọmọ náà ké dáadáa. Síbẹ̀, ọdún méje gbáko ni ìyá wa fi ń lọ wo ọmọ náà, tí wọ́n ń ní kó kàwé, kó sáré, kó ka ení, èjì. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gà, síbẹ̀ ọkàn wọn kò balẹ̀.

Nítorí pé ìyá wa kò pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, ìjọba ti oko náà pa fún ọdún kan, ipò ọ̀gá tó kàn wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, ìyá wa fi ọgbà yí i ká, wọ́n ya àwòrán ọwọ́ àti ìlà pupa sí pátákó. Ní ọdún 2002, òjé ilẹ̀ náà ti dín kù gan-an. Èèpo ewédú náà ni wọ́n fi hun àpò tí wọ́n ń gbin igi sí.

Nínú ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin tí wọ́n ṣe akọ̀wé fún, àdúrà wọn kì í gùn: “Olúwa, fi àṣìṣe mi hàn mí kó tó pa ẹlòmíràn lára.”

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2009. Wọ́n dágbére fáyé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2023. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti àbúrò ọkùnrin kan.

Ìyá, kò sí èsì tí ẹ ó tún máa retí mọ́. Ibi tí ẹ lọ, ẹ̀rù kì í débẹ̀. Ẹ sùn re o.