Ọ̀pá Tí Bàbá Rẹ Gbé Sórí Òrùlé

Ọmọ́bọ́lájí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìsọlọ̀ yẹn? Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ yín kò ní gbá ọ lọ́wọ́ mú, ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó ẹrù lẹ́nu géètì yín kò ní fi ẹ̀yìn rìn bá ọ. Àwa náà wà láàyè ní Èkìtì níbí, àfi orí bàbá rẹ nìkan ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Ìwọ lo fà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti wá kí ọ nílé yín ní Ire-Akari, ní Ìsọlọ̀, lọ́dún Àjíǹde, tí wọ́n rí irin tí ẹ gbé sórí òrùlé, ni wọ́n ti ń sọ pé irin ni wọ́n fi ń gba ohùn mú lójú ọ̀run. Wọ́n ní fóònù tí o rà fún wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò tó. Wọ́n fi igi kékeré kan hàn mí lójú fóònù, wọ́n ní mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́. Mo ní ta ló fẹ́ fi igi mẹ́rin tí kò tó ìtayín dáná? Èmi mọ ohun tó fà á: ẹ ti pọ̀ jù ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ yẹn, ẹ ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì mu tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ni bàbá rẹ bá gé ọparun, wọ́n tú wáyà inú rédíò àtijọ́, wọ́n yọ irin agbòòrùn, wọ́n so ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà mi mọ́ ọn lórí, wọ́n sì gbé e sórí òrùlé. Tíṣà Àyànníyì ń kọjá lọ, ó bi mí bóyá ẹyẹ la fẹ́ máa gbé oúnjẹ fún lókè yẹn. Ojú tì mí. Mo sọ fún bàbá rẹ pé àgbà tó wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí. Lọ́jọ́rú tí wọ́n lọ sóko, mo fà á lulẹ̀, mo yọ ọmọrí mi, mo fi ọparun sá aṣọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìrọbí mú Adébímpé, ìyàwó ilé kejì sí wa, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Bàbá rẹ ti dé, wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì tó wà nílùú kejì, fóònù kàn ń dún bí ìrẹ̀. Wọ́n wo òrùlé, wọ́n wò mí. Ọmọ mi, n kò dúró gba ìbáwí. Mo da aṣọ sílẹ̀, mo so ọmọrí padà, mo gun àpótí, mo gbé ọ̀pá náà sókè. Bàbá rẹ di ìdí wáyà mọ́ ara fóònù. Wọ́n ní kí n yí sí ìlà-oòrùn, mo yí. Wọ́n ní kí n má mí, mo ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ má mí. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe dáhùn! Ó sọ bí a ṣe máa tẹ́ Adébímpé sílẹ̀, ó sì gbé ọkọ̀ wá. Kó tó dé, apá mi ti kú. Ọ́síbítù ló gbé e lọ, ibẹ̀ ni Adébímpé bí sí. Ọmọbìnrin ni, ìyá rẹ̀ náà sì ti ń jẹun.

N kò tíì sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n gbìyànjú o. Bí mo bá yìn wọ́n, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ló kàn. Ṣùgbọ́n bá mi wá owó díẹ̀, kí n fi ra ìkòkò mìíràn tòun tọmọrí, nítorí ọmọrí ti tẹ́lẹ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé mọ́. Má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ inú ògiri wọn ń bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi, obìnrin ilé ọkọ bíi tèmi kò sì ní àṣírí kankan. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o pe ènìyàn lọ́jọ́ ìṣòro kó má dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́